Kí RAM Sáré, Kí Ó Má Sì Ṣàṣìṣe

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí, la fẹ́ sọ lónìí: bí a ṣe ń mú un sáré ju bí ó ṣe wà lọ, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé eré náà kò mú un ṣìṣe. Apá kejì yìí ló ṣòro. Kọ̀ǹpútà tó tàn, tó ṣí Windows, tó ń gbá géèmù fún wákàtí méjì, kò tíì fi hàn pé RAM rẹ̀ dúró ṣinṣin. RAM lè ṣi ẹyọ bíìtì kan ṣoṣo kọ nínú àìmọye bílíọ̀nù, kí ẹ má rí nǹkan kan lójú, kí fọ́tò tàbí ìwé ìṣirò kan sì ti bàjẹ́ sórí dísìkì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i ni ẹ ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan dání kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ́ jù: kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600, mọ́dàbọ́ọ̀dù B550, àti RAM DDR4 méjì tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ gígábáìtì 8, tí wọ́n kọ 3200 (eré rẹ̀), CL16 (ìdúró rẹ̀), 1.35 V (iná rẹ̀) sí lára. Bí ẹ bá ti kó o jọ tán, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a pé 2133 tàbí 2666 ló ń sá. Kò sí ẹni tó rẹ́ yín jẹ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, ó máa ń ka ìwé kékeré kan tó wà lára RAM, ó sì máa ń mú eré tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, pẹ̀lú 1.2 V. Eré 3200 yẹn wà nínú abala mìíràn tó ń jẹ́ XMP, ẹ̀yin lẹ ó sì tan án fúnra yín nínú BIOS, ètò inú mọ́dàbọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí.

Ìlù ni RAM ń jó sí. Bí a bá ní 3200, ìlù náà ń dún ní ìgbà mílíọ̀nù 1600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, RAM sì ń gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú lílù kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí CPU-Z, ètò tó ń fi eré RAM hàn, fi ń kọ 1600 MHz. Àwọn nọ́mbà bíi 16-18-18-36 jẹ́ iye ìlù tí RAM gbọ́dọ̀ fi dúró. CL ni ìdúró láti ìgbà tí prọ́sẹ́sọ̀ ti béèrè nǹkan títí èsì àkọ́kọ́ yóò fi jáde. tRCD ni ìdúró láti ṣí ìlà tí nǹkan náà wà, tRP ni ti títi ìlà náà, tRAS sì ni bí ìlà ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó ní ṣíṣí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: ìlù la fi ń ka ìdúró wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àkókò gidi ni iná inú RAM mọ̀. Bí ìlù bá yá, ìdúró 16 kan náà ti kúrú. Ẹ sọ CL di ìlọ́po 2000, kí ẹ fi eré RAM pín in, ẹ ó rí nánósẹ́kọ́ńdì. 3200 CL16 fún wa ní 10. 3600 CL16 fún wa ní 8.9. 3600 CL18 tún padà sí 10. Nítorí náà, ẹni tó gbé RAM lọ sí 3600 tó fi 16 sílẹ̀ bó ṣe wà ti béèrè nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èyí tó fà á bí kọ̀ǹpútà bá gan pa.

Kí ẹ tó wọ BIOS rárá, ẹ wo ihò tí RAM wà. Lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ ló yẹ kí RAM méjì wà. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, wáyà máa ń gba ihò kíní kọjá kó tó dé ìkejì. Bí RAM bá jókòó sí ihò kíní, ìyókù wáyà náà yóò máa rọ̀ sílẹ̀ láìsí nǹkan kan ní ìparí rẹ̀, ohun tí a fi ránṣẹ́ yóò sì máa ta padà bí ohùn ṣe ń ta padà nínú yàrá òfìfo. Ní 2133, kò ní hàn. Ní 3600, òun gan-an ni yóò dá yín dúró.

Bí ó bá jẹ́ RAM kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ fi eré sísá sílẹ̀ ná, ẹ ra ìkejì. Ọ̀nà méjì ló wà láàárín prọ́sẹ́sọ̀ àti RAM. Ní 3200, ọ̀nà kan ń gbé gígábáìtì 25.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì ń gbé 51.2. Bí ẹ bá sá ẹyọ kan yẹn dé 3600, 28.8 péré lẹ ó rí. Ṣùgbọ́n ẹ ra méjì tó wà nínú páálí kan náà. Tòkunbọ̀ méjì tí a ṣà jọ ní Computer Village ní Ìkẹjà lè ní 3200 lára àwọn méjèèjì, kí chip inú ọ̀kan jẹ́ ti Samsung, kí ti ìkejì jẹ́ ti Hynix. Nọ́mbà tó tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn lè ni èkejì lára, èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ni yóò sì pinnu eré àwọn méjèèjì.

Ẹ da àwọn fáìlì yín sórí dísìkì ìta, kí ẹ sì yọ dísìkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ fi MemTest86 tàbí Memtest86+, àwọn ètò tó ń dán RAM wò, sórí flash. Àwọn méjèèjì kì í ṣí Windows rárá, nítorí náà bí RAM bá ń ṣìṣe, kò ní rí dísìkì yín bàjẹ́. Ìdánwò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyípadà ńlá, orí flash ló yẹ kó ti wáyé.

Ẹ tan XMP, ẹ dán an wò, kí ẹ rí i pé 3200 dúró dáadáa kó tó di pé ẹ lọ síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá 3600. Ẹ fi FCLK, ìlù inú prọ́sẹ́sọ̀, sí 1800, kí òun àti ìlù RAM máa lọ ní ìdọ́gba. Ẹ gbé iná RAM sí 1.40 V, iná SoC (apá prọ́sẹ́sọ̀ tó ń bá RAM sọ̀rọ̀) sí 1.10 V. Ẹ tú àwọn ìdúró sílẹ̀: 18-20-20-40. Ẹ jẹ́ kí Gear Down Mode, ètò BIOS kan tó ń ran RAM lọ́wọ́ láti dúró ṣinṣin, wà ní títàn. Ẹ má gbàgbé pé bí ó bá wà ní títàn, CL tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 17, yóò di 18 fúnra rẹ̀. Bí Windows bá ṣí, ẹ fi ètò ZenTimings wò ó bóyá àwọn nọ́mbà tí ẹ kọ ni bọ́ọ̀dù lò lóòótọ́.

tRFC yẹ ní àlàyé tirẹ̀, torí òun ni a máa ń gbàgbé jù. Inú RAM kún fún àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké tó dà bí ìkòkò tó ń jò. Láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 64, a gbọ́dọ̀ ti bu omi kún gbogbo wọn. Ìpín 8192 la pín iṣẹ́ náà sí, ìyẹn ni pé lẹ́yìn máíkrósẹ́kọ́ńdì 7.8 kọ̀ọ̀kan, RAM á dá iṣẹ́ dúró láti bu omi. tRFC ni iye àkókò tó fi ń bù ú. Chip DDR4 onígígábíìtì 8 ní 350 nánósẹ́kọ́ńdì nínú òfin. Ní 3200, ìlù 560 nìyẹn. Ní 3600, ó di 630. Bí 560 bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ dé 3600, àkókò náà ti já sí 311 láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Àwọn chip kan gbà á, bíi B-die ti Samsung tó ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn kò gbà.

Nígbà tí 18-20-20-40 pẹ̀lú 630 bá ti yege, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìdúró náà kí wọ́n kúrú. Nọ́mbà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ìdánwò TestMem5 (ètò tó ń dán RAM wò nínú Windows) fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó lọ sí òmíràn. CL máa ń gbọ́ràn sí iná: bí 16 kò bá gbà ní 1.40 V, ó lè gbà ní 1.42. tRCD lágídí lórí ọ̀pọ̀ chip. Ẹ lè gbé iná sókè títí, kò ní yí ọkàn padà, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó bá dúró sí.

Àṣìṣe kan péré túmọ̀ sí pé ó kùnà. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni tó bá ní «ẹyọ kan ṣáà ni» gbọ́. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe ṣe wá ń sọ nǹkan. Bí ó bá yọjú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìdúró kan ti kúrú jù tàbí iná kò tó rárá. Bí ó bá di ogójì ìṣẹ́jú kó tó yọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí ooru àti tRFC. Bí TestMem5 bá mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tí ìdánwò Large FFTs inú ètò Prime95 kùnà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ prọ́sẹ́sọ̀ àti iná SoC. Bí USB bá ń já, tí ohùn ń ṣe pàrà-pàrà, tí Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ Windows, sì kún fún àṣìṣe WHEA 19, FCLK ni kò rọrùn fún; RAM kò jẹ̀bi, ẹ sọ FCLK kalẹ̀. Èyí tó ń da ènìyàn láàmú jù ni kọ̀ǹpútà tó yege nínú gbogbo ìdánwò lálẹ́ ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti tàn láàárọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń tàn láti òtútù ni bọ́ọ̀dù ń tún RAM kọ́ níjó, bí àyè tó ṣẹ́kù bá sì tín-ín-rín jù, ọjọ́ kan á rí i kọ́, ọjọ́ kejì kò ní rí i kọ́. Nítorí náà, ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ tún un tàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Ooru ń mú kí ìkòkò wọ̀nyẹn jò kíákíá. RAM tó mọ́ ní 40°C lè bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe ní 50 bí a bá ti fún tRFC jù. Ìdánwò tí a ṣe ní alẹ́ inú oṣù Kejìlá, pẹ̀lú AC, kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kẹta ní Ìbàdàn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kò lè gbé AC. Ẹ ṣe ìdánwò ìkẹyìn ní ọ̀sán, nínú yàrá bó ṣe máa ń rí gan-an. Nǹkan mìíràn tún wà: ìdánwò RAM nìkan kì í mú káàdì àwòrán gbóná, bẹ́ẹ̀ géèmù ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ sì ń fẹ́ lu RAM. Ẹ jẹ́ kí káàdì náà ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú TestMem5 fún wákàtí kan. Fáànù kékeré kan tó kọjú sí RAM lè wo àṣìṣe tí iná kò lè wò.

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú tí kò tàn mọ́, ẹ má fòyà. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi irin ìtúkọ̀ǹpútà kan irin kékeré méjì tí wọ́n kọ CLR_CMOS sí lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tàbí kí ẹ yọ bátìrì CR2032 fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Yóò padà sí 2133 tàbí 2666 tó ń sá tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní DDR5, ìran RAM tó tẹ̀lé DDR4, ìlànà kan náà ni, nọ́mbà ló yàtọ̀. Iná òfin rẹ̀ jẹ́ 1.1 V. Lórí Ryzen 7000, 6000 CL30 ni ọ̀pọ̀ ń dé wọ́ọ́rọ́wọ́, EXPO sì ni orúkọ abala tí ẹ ó tàn. Ẹ má kọjá 1.30 V lórí SoC. Ààlà tí AMD fi lélẹ̀ ní 2023 nìyẹn, lẹ́yìn tí àwọn prọ́sẹ́sọ̀ kan jóná. Ẹ má to RAM mẹ́rin kí ẹ sì retí 6000: ìwọ̀n tí AMD fọwọ́ sí fún mẹ́rin jẹ́ 3600. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tàn án lẹ́yìn ìyípadà, ojú lè dúdú fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan nígbà tó ń kọ́ RAM níjó. Ẹ dúró. Bí iná ìjọba kò bá dájú, ẹ fi í sórí UPS kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Chip DDR5 sì ń tún àṣìṣe kéékèèké ṣe nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tún èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín RAM àti prọ́sẹ́sọ̀ ṣe, nítorí náà ìdánwò yín gbọ́dọ̀ gùn sí i ni.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti yege, ẹ fi Memtest sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó yípo mẹ́rin. Kí ẹ wá fi fóònù ya gbogbo ojú ewé BIOS tó ní nọ́mbà RAM, títí kan àwọn tó wà ní Auto. Bí ẹ bá fi BIOS tuntun sí i, gbogbo rẹ̀ sábà máa ń parẹ́, BIOS tuntun sì lè mú iye mìíràn fún àwọn Auto yẹn. Ẹ tún wọn kọ sí i láti inú àwòrán, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò láti orí flash.