Ta ni ó ń bá dá àjọ?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi láti Leeds, láti Toronto, láti Houston, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, nínú yàrá tí mo ń sùn sí nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, nítorí pé mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá kí àwọn ènìyàn mi. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn àkùkọ tàbí ti ọ̀kadà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú ìwé ìtàn aláwòrán àti inú fíìmù ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ àwọn tí oníṣẹ́ ọnà ń fi owó ara rẹ̀ ṣe láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé èmi náà ń ya ọ̀kan, ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé 24 tí mò ń gbé lọ tà níbi ìpàtẹ ìwé. Mo mú ẹ̀dà kan wá sílé fún Ìyá Kékeré, àbúrò màmá mi, tí wọ́n ń ta àǹkárá ní Ọjà Ọba. Wọ́n gbé gíláàsì wọn sójú, wọ́n sì fara balẹ̀ wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá padà sí ojú-ewé kẹta, wọ́n fi ìka lé e.

“Obìnrin tó kú yìí, kí ló ń ṣe kó tó kú?”

Mo ní, “Ìyá ọmọkùnrin yẹn ni, mà.”

“Mo rí i pé ìyá rẹ̀ ni, ọmọ mi. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló ń bá dá àjọ?”

N kò rí èsì kankan fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí ti ń bá mi sùn, tí ó sì ń bá mi jí.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo pa obìnrin náà kí ọmọ rẹ̀ lè rí ìdí kúrò nílé. N kò wá nǹkan mìíràn lára rẹ̀ ju ikú rẹ̀ lọ. Àṣà yìí ti pẹ́, ó sì ti ní orúkọ. Ní ọdún 1994, nínú ìwé ìtàn aláwòrán Green Lantern kan, akọni ọkùnrin dé ilé, ó bá òkú olólùfẹ́ rẹ̀ nínú fíríìjì, níbi tí ọ̀tá tí ó pa á gbé e sí. Ní ọdún 1999, Gail Simone, tí òun fúnra rẹ̀ padà di òǹkọ̀wé irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀, ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì to orúkọ àwọn obìnrin tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti ṣe léṣe, tàbí tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Obìnrin inú fíríìjì ni ó fi pè wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe Green Lantern. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwa tí a ń sọ pé a ti kúrò lábẹ́ wọn, tí kò sí ọ̀gá kankan tí ó ń pàṣẹ fún wa, tún fi ọwọ́ ara wa gbé fíríìjì náà wọ inú ìwé wa.

Irú obìnrin kejì ni ọmọge tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń jó nínú òjò, tí kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kí ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lára yá. Inú fíìmù olówó kékeré ni ó pọ̀ sí. Nathan Rabin, ẹni tí ń ṣe àríwísí fíìmù, ni ó sọ ọ́ ní Manic Pixie Dream Girl ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2014, ó kọ̀wé pé òun kábàámọ̀ orúkọ náà, nítorí àwọn ènìyàn ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ obìnrin èyíkéyìí tí ó bá ti lárinrin.

Irú kẹta ni ó sún mọ́ àwa ọmọ Áfíríkà jù, òun sì ni ó ṣòro fún mi jù láti sọ, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀: obìnrin ajagun. Nígbà tí Roye Okupe, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, gbé ìwé ìtàn aláwòrán rẹ̀, Malika, jáde ní ọdún 2017, pẹ̀lú àwòrán láti ọwọ́ Chima Kalu, omi bọ́ lójú mi. Obìnrin dúdú, ọba ilẹ̀ àròsọ Azzaz, tí ó gba adé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí ó sì so ilẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀kan! Kì í ṣe Malika ni mò ń bá wí. Àwa tí a tẹ̀ lé e ni a mú idà nìkan, tí a fi ìlú sílẹ̀. A ya obìnrin tí iṣan wà lápá rẹ̀, a dá a dúró sórí òkè, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tí yóò bi í bóyá ó ti jẹun.

Ilẹ̀ wa níbí kò mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ní Àkúrẹ́, nígbà tí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó máa ń di adelé títí ìlú yóò fi ní ọba tuntun. Yóò wọ aṣọ ọkùnrin, yóò sì jókòó ní ipò bàbá rẹ̀. A rí i láti òpin ọdún 2013 títí di ọdún 2015, ohun tí mo sì rántí jù ni pé n kò rí adelé náà rí kí wọ́n dá wà: ìjòyè lọ́tùn-ún, ìjòyè lósì, àwọn obìnrin lẹ́yìn. Ní Oǹdó ẹ̀wẹ̀, ìtàn ìlú fi yé wa pé obìnrin, Púpùpú, ni Ọṣemàwé àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni títí di òní, Lóbùn, tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó ń fi Ọṣemàwé tuntun jẹ. Agbára wọn kò sí nínú iṣan apá. Inú àwọn ènìyàn tí ó yí wọn ká ni ó wà.

Ẹ óò sọ pé òṣùwọ̀n kan ti wà nílẹ̀. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1985, Alison Bechdel, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ya ìtàn aláwòrán kan nínú èyí tí obìnrin kan sọ pé òun kì í wo fíìmù àfi bí obìnrin méjì bá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe nípa ọkùnrin. Mo bọ̀wọ̀ fún òṣùwọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin méjì lè sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ní ìṣẹ́jú kan, kí a má sì mọ ohunkóhun nípa wọn. Ìbéèrè Ìyá Kékeré wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń dá àjọ ní ibi tí owó ti ń wọlé fún un. Ó ní àwọn tí wọ́n fọkàn tán an. Ó ní ọjọ́ tí yóò kàn án láti kó, ó sì ti mọ ohun tí yóò fi owó náà ṣe kí ọjọ́ náà tó dé.

Mo ti fi ìbéèrè náà yẹ àwọn ìwé tí mo fẹ́ràn wò. Aya, ọmọbìnrin Yopougon ní Abidjan, tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie sì ya láti ọdún 2005, dáhùn rẹ̀ láìjanpata. Ó fẹ́ di dókítà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ Adjoua àti Bintou sì ń fẹ́ ijó. Síbẹ̀ nígbà tí Adjoua bímọ, Aya ń bá a gbé ọmọ. Kò gbé idà rí.

Rosa nínú Eyimofe, fíìmù tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Esiri ṣe ní ọdún 2020, ni ó dá mi dúró pẹ́. Ó ń ṣe irun lọ́sàn-án, ó ń ta ọtí lálẹ́, owó kò sì tó. Onílé ń fẹ́ ara rẹ̀. Obìnrin tí yóò ṣètò ìrìn-àjò òun àti àbúrò rẹ̀ ń fẹ́ ọmọ inú àbúrò náà. Ta ni Rosa ń bá dá àjọ? Kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù náà mọ̀ pé kò sí, wọ́n sì jẹ́ kí àìsí yẹn dùn wá títí dé òpin. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí obìnrin tèmi ní ẹnì kankan.

Nítorí náà, mo ti ń tún ojú-ewé kẹta yà láti ọjọ́ Àìkú, lórí tábìlì tí màmá mi fi ń lọ aṣọ. Ìyá Kékeré mú mi lọ síbi tí àwọn alájọ wọn ń pàdé, lẹ́yìn ìsọ̀ wọn, mo sì ya ọwọ́ wọn, ìwé ìṣirò wọn, àti àpò tí wọ́n ń so mọ́ ìdí. Obìnrin inú ìwé mi wà láàyè báyìí. Ó ń ta èlùbọ́, òun àti àwọn mẹ́fà jókòó, wọ́n ń ka owó. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìrìn-àjò lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ máa lọ. Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ní kí ó jókòó, kí àwọn kà á tán ná.