Ààrò Mẹ́ta Létí Títì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti wà lọ́kàn mi láti òru ọjọ́ kan tí èmi àti nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Kẹ́rálà ní gúúsù Íńdíà, jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, nítorí náà “chechi” ni mo máa ń pè é, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní èdè Malayalam tiwọn. Nígbà tí àwọn aláìsàn ti sùn, ó fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ìyá rẹ̀ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń fẹ́ iná lábẹ́ ìkòkò amọ̀ tí bíríkì mẹ́ta gbé dúró. Mo ní, “Chechi, ààrò mẹ́ta rèé! Èyí tí kì í da ọbẹ̀ nù!”

Ọdún Attukal Pongala ni, ní ìlú Thiruvananthapuram, ní oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà. Attukal Amma, ìyẹn Ìyá Attukal, ni òrìṣà tí wọ́n ń bọ, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń wá máa ń pọ̀ débi pé ààrò wọn a kúrò lágbàlá tẹ́ńpìlì, a gba títì, a sì dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé. Lọ́dún 2009, Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin mílíọ̀nù 2.5 ló péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú tẹ́ńpìlì ni iná àkọ́kọ́ ti ń jáde, wọn a sì máa ràn án láti ààrò dé ààrò. Ìrẹsì, àgbọn àti ṣúgà pupa tí a fi omi ìrèké sè ni wọ́n ń sè pọ̀. Ìtumọ̀ pongala ni kí nǹkan hó títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Nílé tiwa, bí ìkòkò bá hó dànù, wọn a bá ọmọbìnrin wí. Lọ́dọ̀ wọn, àmì oríire ni.

Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé Kannaki, obìnrin inú ìtàn àtijọ́ àwọn ẹ̀yà Tamil ní gúúsù Íńdíà, ni òrìṣà yìí. Kovalan ọkọ rẹ̀ ná owó wọn tán sọ́dọ̀ obìnrin oníjó kan. Nígbà tí ó padà dé lọ́wọ́ òfìfo, Kannaki bọ́ ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fún un pé kí ó lọ tà á ní ìlú Madurai. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan purọ́ mọ́ ọn pé ti ayaba ló jí, ọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa á. Ni Kannaki bá wọ ààfin, ó la ẹ̀gbà kejì mọ́lẹ̀, òkúta iyebíye pupa fọ́n jáde nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ péálì ló wà nínú ti ayaba. Ìbínú rẹ̀ ló jó ìlú náà.

Obìnrin tí ó finá jó ìlú ni wọ́n ń fi iná ààrò bọ! Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìyá mi, tí ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti se mọ́ínmọ́ín tí yóò tà, tí èéfín a sọ ojú rẹ̀ di pupa. “Ṣé ó ti jinná?” ni gbogbo ohun tí a máa ń bi í. Irú iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin yìí gbé jáde sí gbangba, tí ọkọ̀ fi yà fún wọn, tí àwọn ọkùnrin fi ń pín omi fún wọn.

Èmi kò sọ pé ibi tí wọ́n bá ti ń bọ òrìṣà obìnrin ni wọ́n ti ń kẹ́ obìnrin o. Ní Kẹ́rálà yìí kan náà, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà sọ lọ́dún 2018 pé obìnrin ọlọ́jọ́ orí 10 sí 50, tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé tẹ́lẹ̀, lè wọ tẹ́ńpìlì Sabarimala, ìjà ńlá ló dá sílẹ̀. Chechi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn mi orí rẹ̀ ni, ó ní, “Amma rí wọn.”

Mo bi í léèrè ibi tí gbogbo bíríkì náà ń lọ lẹ́yìn ọdún. Ó ní ìjọba ìlú a máa kó wọn jọ láti fi kọ́ ilé fún àwọn aláìní, àti pé ìkòkò nìkan ni ìyá òun ń gbé padà sílé. Aago aláìsàn kan dún. Ó ki fóònù bọ àpò, ó dìde.