Lusavor Hayastan àti àwọn ọ̀dọ́ tí ò dúró dè é

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tí ò ráyè wá lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ nípa Lusavor Hayastan, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Àrméníà, ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà síta, bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe kọ ọ́, ẹ má bínú tó bá ń já síbi tí ẹ ò retí.

Àrméníà ò tóbi rárá, èèyàn ibẹ̀ ò ju bíi mílíọ̀nù 3 lọ. Nígbà tí ọdún 2016 ń parí lọ, ẹgbẹ́ kéékèèké mẹ́ta kó ara wọn jọ, wọ́n pera wọn ní Yelk, ìyẹn ọ̀nà àbáyọ, wọ́n fẹ́ dojú kọ ẹgbẹ́ Republican tó ti jókòó ti ìjọba tipẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Lusavor Hayastan, Àrméníà Tó Ń Tàn, ẹgbẹ́ Edmon Marukyan, lọ́yà ọmọ Vanadzor. Ohun tí wọ́n ń sọ ò ṣòroó yé: kí òfin mú ọ̀gá bó ṣe ń mú mẹ̀kúnnù, kí ilẹ̀ wọn sì sún mọ́ Yúróòpù. Nínú ìbò 2017, ìjókòó 9 péré ni Yelk rí nínú 105 tó wà nílé aṣòfin.

Ibi tó dùn ni 2018. Serzh Sargsyan, olórí ẹgbẹ́ Republican, ti ṣe ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti yí òfin ilẹ̀ padà kí agbára lè bọ́ sọ́wọ́ olórí ìjọba, ló bá tún fẹ́ di olórí ìjọba (ẹ wo ọgbọ́n!). Nikol Pashinyan, ọmọ Yelk náà ni, gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó dé kápù, ó fẹsẹ̀ rìn láti ìlú Gyumri títí dé Yerevan, olú ìlú wọn, èèyàn díẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó mọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti tú jáde kúrò ní kíláàsì, wọ́n jókòó sáàárín títì, àwọn ìyá ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ dí ọ̀nà, àwọn ọmọdé to mọ́tò ìṣeré sójú títì kí mọ́tò gidi má lè kọjá, tó bá sì di alẹ́ àwọn tó wà nílé á máa lu ìkòkò lójú fèrèsé. Ní April 23 Sargsyan kọ̀wé fipò olórí ìjọba sílẹ̀, ó ní Nikol ló jàre.

Marukyan ńkọ́? Òun ò kọ́kọ́ dá sí i. Lójú tiẹ̀, inú ilé aṣòfin ló yẹ kí wọ́n ti jà á. Ìgbà tí nǹkan ti fẹ́ẹ́ tán ló wá ti Pashinyan lẹ́yìn, Pashinyan sì di olórí ìjọba.

Síbẹ̀ ní December ọdún yẹn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìbò tó lé díẹ̀ ní 6%, ìjókòó 18, nígbà tí ti Pashinyan lé ní 70%. Lójú tèmi, àwọn tó fẹ́ àyípadà àmọ́ tí ẹ̀rù ń bà pé ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹ̀ sápò ló dìbò fún wọn. Ogun ọjọ́ 44 tí wọ́n bá Azerbaijan jà ní 2020, tí wọ́n sì pàdánù, ló ba ibẹ̀ jẹ́, torí ìbò June 2021 di Pashinyan tàbí Kocharyan, ààrẹ àtijọ́, ẹni tó dúró láàárín ò rí ibi fẹ̀yìn tì. Díẹ̀ ni ìbò ẹgbẹ́ Marukyan fi lé ní 1%, bẹ́ẹ̀ 5% lẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní kó tó wọlé. Látorí 18 sí òdo.

Ọmọkùnrin kan dìde bi mí pé ká ní Marukyan ti bá wọn jókòó sí títì látọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́. Mo ní ó ṣeé ṣe kó dáa fún un, àmọ́ ta ni ì bá máa bi ìjọba tuntun ní ìbéèrè nínú ilé? Ó ní ó dáa, kí ni Marukyan wá ń ṣe lẹ́yìn tó fìdí rẹmi? Mo ní ní 2022 ó gbaṣẹ́ aṣojú pàtàkì lọ́wọ́ ìjọba Pashinyan. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó.