Ilé Ìwádìí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ni: Ta Ló Ń Pàṣẹ Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọ̀gbìn sọ ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kí ẹni tí kò sí níjokòó lè rí i kà.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wá láti yunifásítì, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jọ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán. Oko yín ló kàn gan-an.

Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí ìgbà tí orí ẹ̀gẹ́ ń ká jọ, tí igi rẹ̀ ń ràn, tí kòkòrò funfun kan tó dà bí ìyẹ̀fun bo ewé rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò yẹn ti wá. Agbègbè Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sì pé ọdún mẹ́wàá tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ló gbé ọ̀rọ̀ náà karí. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó dé ibẹ̀ ní 1979, ló darí iṣẹ́ ọ̀hún. Dípò kí wọ́n wá oògùn tí àgbẹ̀ á máa fín, wọ́n wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sílẹ̀ tó ti ṣẹ̀ wá. Paraguay ni wọ́n ti rí i: agbọ́n kékeré kan tó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Ní 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tó yá, ibùdó IITA ní Abomey-Calavi, lẹ́bàá Kọ́tọ̀nú níbí, di ojúkò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Kò sí ẹnì kan nínú yín tó ra agbọ́n yẹn. Iléeṣẹ́ olówò kankan kò sì ní fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kí ni yóò tà? Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ ní Ìlárá, á fò dé Kétu, ẹni tí kò san nǹkan kan á jàǹfààní rẹ̀ bíi ti ẹni tó sanwó. Ta wá ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n ná owó ọ̀pọ̀ ọdún lé e lórí? Bí ẹnì kan lára àwọn tó ń mówó wá bá sọ pé oògùn tòun ni kí wọ́n lò ńkọ́, ta ni ó lè dá a lóhùn pé rárá?

Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ṣe pàtàkì, ilé àyẹ̀wò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi lè ṣe ohun tó wúlò fún àgbẹ̀ wà lọ́wọ́ èèyàn bíi mélòó kan tí wọ́n ń jókòó sí tábìlì kan ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, tí wọ́n lágbára láti sọ pé rárá fún ọ̀gá àgbà, tí wọ́n sì láyà láti sọ ọ́ fún olówó pẹ̀lú.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú àṣìgbọ́ kan kúrò. Àwọn èèyàn gbà pé ilé tí kì í pín èrè kò gbọdọ̀ ní owó lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó lè ṣẹ́ kù ní ìparí ọdún, ó tiẹ̀ yẹ kó ṣẹ́ kù, kí òṣìṣẹ́ lè gba owó oṣù nígbà tí owó tuntun bá pẹ́ kó tó dé. Ohun tí òfin kò gbà ni kí ẹnikẹ́ni pín in. Kò sí onípìn-ín, kò sí ajogún. Nígbà tí wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní 1967, àjọ Ford àti àjọ Rockefeller ló mówó wá, ìjọba Nàìjíríà fún wọn ní ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà ní Ìbàdàn. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè sọ pé òun ló ni ín.

Orúkọ àwọn tó ń jókòó sí tábìlì yẹn ni ìgbìmọ̀ alábòójútó. Èèyàn bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wọ́pọ̀. Ẹ ó bá onímọ̀ ọ̀gbìn níbẹ̀, ẹ ó bá ẹni tó gbọ́ èdè ìwé owó dáadáa, agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó ti darí iléeṣẹ́ ńlá rí, àti ẹni tó ń ṣojú ìjọba ìlú tó gba ilé náà lálejò. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n sábà máa ń yàn wọ́n fún ọdún mẹ́ta, wọ́n lè tún wọn yàn, tó bá sì yá kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn ló ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, àwọn ló ń wò ó lọ́dọọdún bóyá ó ṣe ohun tó ní òun á ṣe, àwọn náà ló lè ní kó máa lọ. Ìyókù iṣẹ́ wọn, bíi fífọwọ́ sí ètò ìnáwó, ẹ lè fojú inú wò ó.

Ẹ bá mi wọ inú ìpàdé wọn. Kí alága tó kan ọ̀rọ̀ kankan, á bi kálukú bóyá ó ní ohun tirẹ̀ nínú èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tí yunifásítì rẹ̀ ń retí owó iṣẹ́ kan látọ̀dọ̀ ilé náà á sọ ọ́ jáde, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá kan ọ̀rọ̀ yẹn, onítọ̀hún á dìde, á jáde síta títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé bá ń lọ sópin, ó kan ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ láti jáde, òun àti gbogbo igbákejì rẹ̀. Olùyẹ̀wò ìwé owó tó ti ìta wá á wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ nìkan, wọ́n á wá bi í ní ohun tí kò ṣeé bi lójú ọ̀gá: ǹjẹ́ wọ́n fi ìwé kankan pa mọ́ fún yín? Mo gbà pé ìbéèrè yẹn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí a tì, ṣe ilé ìwádìí láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà aláràbarà lọ.

Olùyẹ̀wò kan tún wà nínú ilé. Òṣìṣẹ́ ni, ó lè jẹ́ pé ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí ti ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí owó ni ìròyìn rẹ̀ ń lọ. Ìròyìn ọ̀hún ní òpó mélòó kan. Àkọ́kọ́ ni àléébù tó rí: bóyá ọkọ̀ tí wọ́n fi owó iṣẹ́ ẹ̀wà rà, tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Èkejì ni èsì àwọn ọ̀gá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ nírú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́la, òpó ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò. Níbi tí ọjọ́ ti ń sún síwájú lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ ti sùn.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Kétu. Ìdílé márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, kò sì sí èyí tó lè sọ pé adé jẹ́ tòun nìkan. Níbi tí alága ìgbìmọ̀ àti ọ̀gá àgbà bá ti di ẹnì kan náà, tàbí tí ọ̀gá àgbà ń yan àwọn tó yẹ kó máa bi í léèrè, ìdílé kan ti gbé adé lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ló ti le jù. Oríṣi méjì ni owó tó ń wọlé. Èkíní ni èyí tí olùfúnni kò so mọ́ iṣẹ́ kankan, ìgbìmọ̀ ló máa pinnu ibi tó yẹ kó lọ. Èkejì ni owó iṣẹ́ kan pàtó: ẹ ṣe èyí, níbí, láàárín ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́. Èkejì yìí ló ti ń pọ̀ sí i, ó sì ń kọ mí lóminú. Irú ẹ̀gẹ́ tuntun lè gba ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi òdòdó kan gba ara òmíràn títí tí igi rẹ̀ á fi dé oko yín. Owó ọdún mẹ́ta á ti tán kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Iná tó ń mú yàrá irúgbìn tutù tọ̀sán tòru ńkọ́? Ilé ìpamọ́ IITA ní Ìbàdàn ní oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000, kò sì sí ibòmíràn lágbàáyé tí irú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olùfúnni tó fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ òun kì í fẹ́ san owó iná. Torí irú ìṣòro yìí ni wọ́n fi dá Crop Trust sílẹ̀ ní 2004. Bonn ní Jámánì ló fìdí kalẹ̀ sí, ó ń kó owó jọ sójú kan kí èrè orí rẹ̀ lè máa bọ́ àwọn ilé ìpamọ́ irúgbìn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ òkèèrè rẹ̀ dúró, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn sì wà lára ohun tó dúró lójijì. Ìgbìmọ̀ tó bá ti ń béèrè tipẹ́tipẹ́ pé “bí olówó kan ṣoṣo bá ká ọwọ́ kò ńkọ́?” ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Irúgbìn náà kì í ṣe ti ilé tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1994, IITA àti àwọn ilé ìwádìí bíi tirẹ̀ bá FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti ọ̀gbìn, ṣe àdéhùn pé alágbàtọ́ lásán ni àwọn jẹ́ fún aráyé. Ní 2006 wọ́n tún gbé e sábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí irúgbìn. Ọ̀gá àgbà kankan kò lè tà á, ìgbìmọ̀ pàápàá kò lè tà á.

Lórí àwọn tó ń gba àṣẹ, mo máa sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lábẹ́ ọ̀gá àgbà, igbákejì kan sábà máa ń wà fún ìwádìí, òmíràn fún owó àti òṣìṣẹ́, òmíràn fún ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè. Oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ló wà: àwọn tí wọ́n gbà láti gbogbo àgbáyé, àti àwọn tí wọ́n gbà nínú ìlú. Owó oṣù àwọn méjèèjì jìnnà síra púpọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní òkèèrè ní ìnáwó tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ìlú tó mọ oko, tó mọ èdè, tó sì ní ìwé ẹ̀rí kan náà bá ń gba ìdá kékeré nínú ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń gbà, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ máa gbé e wò lọ́dọọdún.

Ó tún ku ẹni tó wà lókè àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí. Ní 1971 ni wọ́n dá CGIAR, àjọ tó kó irú àwọn ilé ìwádìí yìí pọ̀, sílẹ̀ ní Washington, kí àwọn tó ń fúnni lówó lè máa bá àwọn ilé ìwádìí mélòó kan ṣe pọ̀. Mẹ́rin ni wọ́n nígbà náà, IITA sì wà lára wọn. Montpellier ní ilẹ̀ Faransé ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà báyìí. Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti kó gbogbo wọn sábẹ́ ìṣàkóso kan, àríyànjiyàn sì ti pọ̀ lórí rẹ̀. Èmi rí ire tó wà nínú pé kí wọ́n má máa ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí tábìlì náà jìnnà sí Áfíríkà débi pé ohùn àgbẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ mọ AfricaRice, ilé ìwádìí ìrẹsì, dáadáa, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ADRAO. Àwọn ìjọba Áfíríkà ló dá a sílẹ̀ fúnra wọn ní 1971, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá. Monrovia ní Liberia ló kọ́kọ́ wà, ó kó lọ sí Bouaké ní Côte d’Ivoire. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2002, kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ní 2005 ó kó wá sí Kọ́tọ̀nú, inú ọgbà IITA ní Abomey-Calavi, ó lo ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa kó tó padà lọ sí Côte d’Ivoire. Ilé tí wọ́n ti lé kúrò nílé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì parẹ́, ìṣàkóso rẹ̀ ló gbé e dúró: orílẹ̀-èdè mìíràn tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ láti gbà á. Lókè ìgbìmọ̀ alábòójútó rẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà wà. Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ìyẹn ni pé àga kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tiwa.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá tú ká, ta ló máa kó ẹrù rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ìwé ìdásílẹ̀ wọn sábà máa ń sọ ọ́ ṣáájú: ohun tó wà nílẹ̀ ìlú tó gbà á lálejò á di ti ìlú náà fún irú iṣẹ́ kan náà, tàbí kó lọ sọ́dọ̀ ilé mìíràn tí kì í pín èrè. Kò ní kan àpò ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan tó ń gbin ìrẹsì ní àbàtà dìde, wọ́n ní báwo ni ohùn àwọn ṣe máa dé orí àga yẹn. Mo ní: Ìyá, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ sọ irú ìrẹsì tẹ́ ẹ gbìn, oṣù tẹ́ ẹ gbìn ín, ohun tí omi àbàtà ṣe fún un àti ohun tí ẹyẹ jẹ níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ buwọ́ lù ú. Ẹ kọ èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ mínísítà ètò ọ̀gbìn ní Faransé, ẹ fún INRAB, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ti orílẹ̀-èdè wa, ní ẹ̀dà kan, ẹ tọ́jú ti Yorùbá sọ́wọ́ ara yín, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà máa tún jókòó, kí lẹ́tà náà lè ṣáájú ọjọ́ yẹn dé.