Wákàtí Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Ìrìn-àjò Awakọ̀ Bàálù Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di awakọ̀ òfúrufú sọ ní Òṣogbo, níṣojú àwọn òbí wọn. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Bí bàálù bá fẹ́ gbéra ní Ìkẹjà láàárọ̀ kùtù, àwọn èrò á wo ojú ọjọ́, wọ́n á wo bàálù fúnra rẹ̀ bóyá ó ti gbó. Kò sẹ́ni tó ń ronú pé ibo ni awakọ̀ náà sùn mọ́jú. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò máa gbé ibì kan, tí iṣẹ́ yóò sì wà níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ kan tí ìyàwó àtọmọ rẹ̀ wà ní Òṣogbo níbí. A kúkú mọ bí iṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú Ìdó-Ọ̀ṣun nítòsí wa níbí ti pẹ́ nílẹ̀ tó láìparí. Èkó ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, aago márùn-ún ìdájí ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé níbẹ̀ pé òun ti dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ni yóò ti kúrò nílé, yóò gba Gbọ̀ngán, yóò kọjá Ìbàdàn, yóò bọ́ sí òpópónà márosẹ̀. Bí tírélà bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó lè di aago mọ́kànlá alẹ́ kó tó wọlé sí yàrá tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ dáwó gbà nítòsí pápákọ̀. Bẹ́ẹ̀dì olókè méjì ló wà níbẹ̀, báàgì wà nílẹ̀ káàkiri, yúnífọ́ọ̀mù sì wà lára ìṣó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Aago mẹ́ta òru, fóònù ẹlòmíràn á dún, torí iṣẹ́ onítọ̀hún ló yá ju ti gbogbo wọn lọ. Gbogbo yàrá á jí.

Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni yìí bá wá fọwọ́ síwèé, ìgbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé, ara rẹ̀ le koko, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé ni. Ṣùgbọ́n ara kò mọ ìwé. Ìgbà tí èèyàn ti jí ni ara ti ń kà á. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò, ìwádìí wọn sì jáde ní 1997: ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, bí ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ dà bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín aago méjì òru sí mẹ́fà ìdájí pàápàá, ara ń fa èèyàn sísàlẹ̀, ì báà ti sùn. Kọfí lè la ojú fúngbà díẹ̀, kò lè rọ́pò oorun.

Ohun tó jẹ́ kí ayé fetí sí ọ̀rọ̀ yìí ni bàálù Colgan Air 3407 tó já ní February 12, 2009, nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 49 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló kú, àti ẹnì kan nínú ilé tí bàálù náà já lé. Newark, nítòsí New York, ni àwọn awakọ̀ méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Florida ni ilé ọ̀gá awakọ̀ wà, ó sì lo òru ní yàrá òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀. Igbákejì rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin ni, ó wá láti apá Seattle, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà. Bàálù akẹ́rù ló bá wọ̀ lóru, ó dúró ní Memphis, ó wọ òmíràn, ilẹ̀ ti ń mọ́ kó tó dé Newark. Ọ̀fìnkìn ń mú un. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀: ó ní bó bá ṣe pé ilé lòun wà nígbà tó ń ṣe òun báyìí, òun kì bá tí wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbi ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀. Ọ̀nà jíjìn tó ti rìn ló dè é mọ́ iṣẹ́. Ta ni yóò san owó hòtẹ́ẹ̀lì bó bá ní òun kò lè fò?

Lálẹ́ ọjọ́ náà, eré bàálù dín kù ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pá ìdarí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti kìlọ̀. Ó yẹ kí ọ̀gá awakọ̀ ti imú bàálù sísàlẹ̀. Ńṣe ló fà á sókè. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà, sọ pé ohun tó ṣe yẹn ló fa ìjàǹbá, pé ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ ti dín làákàyè àwọn méjèèjì kù, ṣùgbọ́n pé a kò lè wọn bó ṣe pọ̀ tó. Alága wọn nígbà náà, Deborah Hersman, kò fara mọ́ ìyẹn. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ka àárẹ̀ mọ́ ohun tó dá kún un. Èmi náà gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní January 2014: ìsinmi wákàtí 10 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ sì lè rí wákàtí 8 sùn nínú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n kò kan àwọn tó ń wa bàálù akẹ́rù, kò sì fi òdiwọ̀n kankan sí bí ilé awakọ̀ ṣe lè jìnnà síbi iṣẹ́ tó.

Ìyá kan bi mí pé, "Ṣé kí ọmọ mi kúkú kó lọ Èkó ni?" Mo dáhùn pé: bó bá rọrùn, Mà, kó kó lọ. Ṣùgbọ́n owó ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ ńkọ́? Òbí tó ti dàgbà tó nílò ẹni tí yóò máa yọjú sí i ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ náà lè sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé Abújá ni kó ti máa fò. Èmi kò lè dá àwọn ọmọ yìí lẹ́bi pé wọ́n fẹ́ bá ẹbí wọn gbé.

Ilé-iṣẹ́ ni mo dá lẹ́bi. Wọ́n mọ ibi tí òṣìṣẹ́ wọn ń gbé, ó wà nínú fáìlì. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fún ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ní iṣẹ́ ìdájí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó padà láti ìsinmi? Iṣẹ́ ọ̀sán wà níbẹ̀. Kí wọ́n pèsè yàrá tó ṣókùnkùn, tó pa rọ́rọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí awakọ̀ bá pè pé ó ti rẹ òun, kí ẹnikẹ́ni má yọ owó rẹ̀, kí wọ́n má sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ èyíkéyìí, ẹ bèèrè ohun méjì. Bí mo bá sọ pé ó ti rẹ̀ mí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù mi? Bó bá sì di dandan kí n wá sùn sí Èkó mọ́jú iṣẹ́, ta ni yóò san owó yàrá? Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn méjèèjì sínú ìwé náà.