Ọdún Mélòó Ni Ayé Ti Parun? Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ojú Ìran fún Fíìmù Kékeré

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin onífíìmù. Bí wọ́n bá pè mí síbi fíìmù tó dá lórí ìgbà tí ayé ti bàjẹ́ tán, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi olùdarí ni pé: ó ti tó ọdún mélòó? Bí kò bá rí i dáhùn, mi ò ní ra ọ̀dà kankan.

Nǹkan kì í bàjẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bẹntiróòlù kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì; bí ìtàn yín bá jẹ́ 20 ọdún lẹ́yìn ìparun, tí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún lẹ́yìn ilé, irọ́ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ikán á ti jẹ férémù fèrèsé. Páànù á ti dógùn-ún, ti etí òkun l'Ékòó á sì yá ju ti Ìbàdàn lọ nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ńkọ́? Oòrùn lè pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́, ó lè gé e wẹ́wẹ́, àmọ́ kò ní jẹrà bí ewé. Tó bá jẹ́ èmi ni, òun ni màá fi ṣe okùn, màá rán an mọ́ra bo òrùlé, màá fi ṣe fìlà ọmọdé.

Ilé àwókù nìkan ò tó o. Ó ti mọ́ wa lójú jù. Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Íkòyí ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìjọba kó lọ sí Abuja, àwọn ará Èkó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ fi ògiri tó là hàn ọmọ Nàìjíríà, á ní kọngilá ló gbowó sá lọ. Irin ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Ní àdúgbò wa, irin kì í sùn síta kí àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́mù má gbé e. Bí kámẹ́rà bá wá bá géètì ńlá níbi tí ewé ti lọ́ mọ́ ọn, tẹ́nì kan ò tú u lọ tà, ara òǹwòran á bù máṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi eérú kun gbogbo nǹkan. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1986 ni wọ́n kó àwọn ará Pripyat ní Ukraine jáde, ọjọ́ kejì tí iléeṣẹ́ iná àtọ́míìkì Chernobyl bú gbàmù. Igi ló gba ìlú náà. Níbi tí òjò ti pọ̀ bíi tiwa, igbó á tètè dé ojú títì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣọ, ẹ má kàn fi ẹrẹ̀ yí i. Ọrùn, ìgbọ̀nwọ́, orókún àti etí àpò ló ń kọ́kọ́ gbó; ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sáńpépà họ, kẹ́ ẹ wá rì í sínú tíì dúdú, kẹ́ ẹ sá a. Ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ lójoojúmọ́, torí ẹ lè ya ìran karùn-ún ṣáájú ìkejì, ìdọ̀tí ò sì gbọdọ̀ lọ kó tún padà dé.

Owó ò tó, mo mọ̀. Fíìmù ìṣẹ́jú 10 ò nílò odidi ìlú: yàrá kan tẹ́ ẹ tọ́jú dáadáa, àti ìta kan. Kẹ́ ẹ tó kó kámẹ́rà wọ àwókù kankan, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹ rí àwọn ọmọ àdúgbò, kẹ́ ẹ sì mú bíríkìlà dání kó bá yín wo àtẹ̀gùn.