Wọ́n Ṣiṣẹ́ Abẹ Ẹ̀yìn Tán, Ojú Ńkọ́?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń wò wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára.

Nígbà mìíràn, télọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá wá gba yúnífọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù ní Tákíé, ó wọ̀ ọ́ wò, etí aṣọ lápá ọ̀tún ga ju ti òsì lọ. Télọ̀ tú u, ó tún un rán, kò yí padà. Ìgbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì tó já bọ́ ni télọ̀ wá rí i pé ìhà kan yọ sókè lẹ́yìn rẹ̀ ju ìkejì lọ. Aṣọ kọ́ ló wọ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ni.

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní scoliosis nìyẹn. Ọ̀pá ẹ̀yìn tó yẹ kó dúró gbọnrangandan ya sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń lọ́ bó ṣe ń yà. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lórí X-ray tó tó dígíríì 10, orúkọ yẹn ni wọ́n á pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kàn máa ń ṣọ́ ọ ni. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà tí tiẹ̀ wà láàárín 25 sí 40, wọ́n lè fi ìgbànú líle dè é. Bó bá kọjá 45 tàbí 50, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ á délẹ̀. Kì í ṣe èpè o, kì í sì í ṣe pé ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n sódì.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n á fi ọ̀pá irin àti ìdè onísúkúrù mú eegun náà, wọ́n á fà á tọ́. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń forí lé, ní ilé ìwòsàn UCH, tàbí ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì l'Ékòó. Ìbẹ̀rù kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé lọ: “Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ mi ò ní rọ báyìí?” Wọn ò jayò pa. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Àwọn dókítà pàápàá, bí ọmọ bá ti lajú báyìí, “Mi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ” ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún un. Gbogbo wa á máa wo ẹsẹ̀. Ta ló ń wo ojú?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún á jí, kò sì ní ríran mọ́, tàbí kó máa rí òkùnkùn lójú kan. Kí n tètè sọ ọ́ kí àyà yín má baà já: kò wọ́pọ̀. Nínú ìṣirò kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2009, nǹkan bí ènìyàn 3 ni ó ṣẹlẹ̀ sí nínú 10,000 tí wọ́n so eegun ẹ̀yìn wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú lọba ara. Ohun tó lè gba ojú lọ, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n tó, ó yẹ kí ẹbí mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé.

Báwo ni ẹ̀yìn ṣe kan ojú? Ìdojúbolẹ̀ ni. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà ọmọ á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tíátà fún wákàtí bíi mélòó kan, nígbà mìíràn ó lè ju mẹ́fà lọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ní ẹ̀bá ọ̀nà Sábó. Táyà tó ti ń kún, ó ní agbára tó fi ń ti afẹ́fẹ́ padà. Bí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò bá lágbára jù ú lọ, kò sóhun tó máa wọlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹyinjú rí. Omi inú rẹ̀ mú kó le, ọkàn sì gbọ́dọ̀ fi agbára tó ju ìyẹn lọ tari ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó lè débẹ̀. Bí ènìyàn bá dojú bolẹ̀ pẹ́, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa padà sọ́dọ̀ ọkàn á kóra jọ sí orí, agbára inú ẹyinjú á ròkè. Ní àkókò kan náà, ẹ̀jẹ̀ ń dà níbi tí wọ́n ti là, ìfúnpá ń wálẹ̀, dírípù sì ti bomi la ẹ̀jẹ̀ tó kù. Táyà ń le sí i, ẹ̀rọ ń rẹ̀ sí i. Okùn iṣan tó ń gbé ìran láti ẹyinjú lọ sí ọpọlọ ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ kan ní 1999 fún àwọn tó pàdánù ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 ka ènìyàn 93 tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n là. Okùn iṣan yẹn ni tàwọn 83. Ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó dà tó lítà kan, tàbí kí oorun náà tó wákàtí mẹ́fà. Àwọn 10 tó kù, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ojú ló dí, ojú kan ṣoṣo ni ti kálukú wọn, ìyẹn sì sábà máa ń wá bí nǹkan bá tẹ ẹyinjú. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé nínú àwọn 83 yẹn, 16 wà tó jẹ́ pé irin ni wọ́n fi di orí wọn mú, tí ohunkóhun ò kan ojú wọn rárá. Síbẹ̀, ojú lọ. Ẹ má tètè pariwo lé nọ́ọ̀sì lórí pé òun ló tẹ ojú ọmọ yín.

Ti ọmọdé tún yàtọ̀ díẹ̀. Tiwọn sábà máa ń jẹ́ apá ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti ń mọ ohun tí ojú rí. Ẹyinjú á mọ́ lóló, wọ́n á tan iná sí i, ọmọlójú á súnkì bó ṣe yẹ, ọmọ ò sì ní ríran. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó ń ṣe àgálámàṣà.

Bó bá jẹ́ pé ojú ń ta á, tó ń ṣomi, tó dà bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, awọ iwájú ẹyinjú ló ṣeé ṣe kó họ. Ìyẹn wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń jinná láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó burú kì í dunni. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi òrùka irin fa orí wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí wọ́n bá ń rí nǹkan kan ní méjì, kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà tó máa kun ọmọ lóorun ni kí ẹ wá rí. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún un: glaucoma (àrùn tó ń ba okùn iṣan ojú jẹ́) nínú ẹbí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ SS. Ẹ bi í pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí rẹ̀ kò ní rẹlẹ̀ ju ọkàn rẹ̀ lọ? Ta ló máa ń yẹ ojú rẹ̀ wò nígbà tó bá ń sùn? Bó bá máa pẹ́ jù, ṣé ẹ lè pín in sí ọjọ́ méjì?” Wọn ò ní bínú. Bí wọ́n bá sì ní kí àwọn ẹbí wá fún un lẹ́jẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá má sọ pé ó dọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ yẹn wà fún ojú pẹ̀lú.

Bí ojú bá ṣe bákan, ẹ pe dókítà ojú lójú ẹsẹ̀. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń dá okùn iṣan yẹn padà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀ ró, wọ́n sì lè wádìí ọpọlọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ẹ ti rí i, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH, tàbí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tó ti wà látọdún 1907, tí à ń pè ní Bowen báyìí. Ẹ má kán omi ṣúgà tàbí omi ọmú sí i. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Ó yá, ẹ wo bí màmá yìí ṣe ń yẹ ojú ọmọ rẹ̀ wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn. Ọmọ ti jí. Ojú rẹ̀ wú, ìyẹn kì í ṣe ìfọ́jú, wíwú yẹn á lọ. Òróró tí wọ́n fi sójú rẹ̀ kí wọ́n tó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ lè mú kó rí bàìbàì díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti nù ún. Màmá rọra gbé ìpéǹpéjú sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì.

“Àdùkẹ́, ìka mélòó nìyí?”

“Méjì, Mọ́mì.”

Ó bo ọ̀tún.

“Èyí ńkọ́?”

Ọmọ dákẹ́ díẹ̀. “Mẹ́ta.”

Mẹ́ta ni lóòótọ́. Màmá kọ aago sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀: agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú méjèèjì. Bó bá di agogo mẹ́jọ, á tún un ṣe, àti láàárọ̀ ọ̀la, àti lọ́tùnla.